Mo Bá Òjìji Dé Òkè Agou

Ibi tí mo ti ń ya fọ́tò wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tó kọjú sí bíríìjì Ojú Ẹlẹ́gbà. Fọ́tò pásípọ́ọ̀tù ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ọjọ́ Sátidé ni ti òde ìgbéyàwó. Tí ilẹ̀ bá ti ṣú, tí oníbàárà ò gòkè wá mọ́, ojú fèrèsé ni mo máa ń fìdí lé. Lódìkejì títì, ìyá aláàkàrà kan a máa so gílóòbù funfun kan kọ́ sókè agbada rẹ̀. Láti ibi tí mo wà, mi ò rí ìyá náà, mi ò rí agbada. Gílóòbù yẹn nìkan ni mò ń rí, bí ihò abẹ́rẹ́ lára aṣọ dúdú. Dánfó á kọjá, gílóòbù á kú, á tún tàn. Tírélà á kọjá, á pẹ́ kó tó tàn. Kẹ̀kẹ́ Márúwá á kọjá, ìmọ́lẹ̀ á kàn ṣẹ́jú lásán.

Ọmọkùnrin kan wà nínú ilé wa nígbà náà tó ń kọ́ físíìsì ní Yunifásítì Èkó, ní Akọkà. Ó gòkè wá gba fọ́tò lálẹ́ ọjọ́ kan, ó bá mi níbi tí mo ti tẹjú mọ́ ìta.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ̀ ń wò?"

"Ọkọ̀ ni mò ń kà."

"Ẹ ò lè rí ọkọ̀ láti ibí yìí nínú òkùnkùn."

"Mi ò rí i lóòótọ́. Ṣùgbọ́n mo mọ ìgbà tó bá kọjá, mo sì mọ̀ bóyá ó tóbi."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ti fọ́tò sápò. Ó ní àwọn kan wà láyé yìí tó jẹ́ pé ohun tí mò ń ṣe lójú fèrèsé yìí náà ni wọ́n ń gbowó oṣù lé lórí, pé bí wọ́n ṣe ń rí àwọn plánẹ́ẹ̀tì tó ń yí ìràwọ̀ òkèèrè ká nìyẹn. Ó ní ọ̀kan wà lára wọn tó ń jẹ́ orúkọ òkè kan ní Tógò. Ó sọ ọ́ tán, ó sọ̀ kalẹ̀, èmi ni mi ò rí oorun sùn. Ohun tó wà lójú ọ̀run, tí ojú ẹnikẹ́ni ò rí rí, ó wá ń jẹ́ orúkọ òkè tí mo lè fi bàtà mi gùn! Ó tó ọdún mẹ́ta kí n tó rí àyè. Nínú oṣù kejì ọdún, nígbà tí ìnáwó ò tíì pọ̀, mo di ẹrù.

Aago mẹ́rin ìdájí ni mo sọ̀ kalẹ̀ sí títì. Ojú Ẹlẹ́gbà kì í sùn, ó kàn máa ń rẹ̀ ẹ́ díẹ̀ láàárín aago méjì sí mẹ́ta ni. Àwọn tó ń bọ̀ láti Mùṣín àti Ìdí-Òro, àwọn tó ń lọ sí Yábàá, àwọn ará Súrúlérè àti Láwánsọ̀n, abẹ́ bíríìjì yìí ni wọ́n ti ń fèjìká gbá ara wọn. Wọ́n ní ojúbọ Ẹlẹ́gbà ló wà níbẹ̀ kí títì tó dé, òun ló sì fún àdúgbò lórúkọ. Òrìṣà oríta, oríta náà ló sì bọ́ sí. Ìtàn tí gbogbo wa gbọ́ dàgbà nípa rẹ̀ ni ti ọ̀rẹ́ méjì tí oko wọn dojú kọ ara wọn. Èṣù Ẹlẹ́gbà dé fìlà tó dúdú lápá kan tó pupa lápá kejì, ó gba àárín oko méjèèjì kọjá wẹ́rẹ́. Ìgbà tó lọ tán, àwọn ọ̀rẹ́ méjì fẹ́ẹ̀ para wọn lórí àwọ̀ fìlà.

Mi ò ka ìtàn yẹn sí ìtàn ìjà mọ́. Ọ̀rọ̀ ibi tí èèyàn dúró sí ni. Bí mo bá kúrò lójú fèrèsé mi, tí mo lọ dúró ní Barracks, dánfó kan náà á kọjá, gílóòbù ìyá aláàkàrà ò sì ní kú lójú mi. Plánẹ́ẹ̀tì náà bẹ́ẹ̀. Àfi tí ọ̀nà tó ń tọ̀ bá gba àárín àwa àti ìràwọ̀ rẹ̀ gan-an la tó lè rí i pé ó kọjá. Ká ní àwọn kan wà lókèèrè tí wọ́n ń wo oòrùn tiwa, tí wọ́n fọ́n ká sí igba ibi lójú ọ̀run, bóyá ni àwọn tó wà níbi kan ṣoṣo nínú igba yẹn á fi rí i kí Ayé wa gba iwájú oòrùn kọjá. Ti plánẹ́ẹ̀tì tí mò ń lọ wo òkè rẹ̀ yìí rọrùn jù bẹ́ẹ̀, torí ó súnmọ́ ìràwọ̀ rẹ̀ bí ẹni ń yáná: bí ọ̀kan nínú márùn-ún tàbí mẹ́fà. Àwọn tí ọ̀nà wọn ò gba ọ̀dọ̀ wa ń lọ, wọ́n ń bọ̀, láìpa àtùpà ẹnikẹ́ni.

"Mile 2! Mile 2! Wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ!"

Mo wọlé pẹ̀lú ṣéńjì mi.

Ní Mile 2 ni mo ti wọ ọkọ̀ tó ń lọ sí Ṣẹ̀mẹ̀. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà Àgbádárìgì mọ̀ pé èèyàn lè ro ọ̀pọ̀ nǹkan lórí rẹ̀, torí ọkọ̀ á dúró, á tún dúró. Lẹ́ńsì ni mò ń rò. Àwọn tó kọ́kọ́ fura sí plánẹ́ẹ̀tì náà ò fi ẹ̀rọ bàǹtà-banta kan bẹ̀rẹ̀. Ní Sutherland, lórí ilẹ̀ gíga gbígbẹ kan ní Gúúsù Áfíríkà, wọ́n to kámẹ́rà mẹ́jọ pọ̀ sórí irin kan. Lẹ́ńsì iwájú wọn jẹ́ èyí tí Canon ṣe fún àwa ayàwòrán, 200mm, f/1.8. Ẹni tó bá ń ṣe irú iṣẹ́ mi á mọ ìdí tí mo fi mí kanlẹ̀ nígbà tí mo gbọ́. Lẹ́ńsì tó ń mu ìmọ́lẹ̀ bí ẹni mu ògì gbígbóná nígbà òtútù ni. WASP ni wọ́n ń pe iṣẹ́ náà. Lóru tí sánmà bá mọ́, wọ́n á ya ojú ọ̀run, wọ́n á yà á lọ, wọ́n á tún padà sí ibi kan náà lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀. Kọ̀ǹpútà á wá kọ bí ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe tó sílẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìràwọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwòrán yẹn ò lẹ́wà. Oníbàárà mi kankan ò ní san owó rẹ̀. Ẹwà kọ́ ni wọ́n ń wá. Èyí tí iná rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ ni wọ́n ń wá.

Wọ́n rí ọ̀kan tí wọ́n sọ ní WASP-64. Ní gbogbo ọjọ́ kan àti wákàtí 13 àti ìṣẹ́jú 45, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á lọ sílẹ̀ ní ìdá 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún, á wà bẹ́ẹ̀ fún wákàtí méjì lé díẹ̀, á sì padà sípò. Ká ní ọgọ́rùn-ún gílóòbù ni ìyá aláàkàrà tàn, kí ẹnì kan wá pa ọ̀kan, kó sì fi àtẹ́lẹwọ́ bo ìlàjì òmíràn. Ìwọ̀nba ohun tí à ń wí nìyẹn, láti ibi tó ju ẹgbẹ̀rún ọdún ìmọ́lẹ̀ lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń ta kókó nìyí. Ní Ojú Ẹlẹ́gbà, kì í ṣe gbogbo ìgbà tí gílóòbù bá rẹ̀wẹ̀sì ni ọkọ̀ kọjá. Nígbà mìíràn NEPA ni (orúkọ tí wọ́n fún un lẹ́yìn náà ò wọ̀ wá létí). Ìràwọ̀ náà ní NEPA tirẹ̀: ìràwọ̀ méjì lè wà lẹ́yìn èyí tí à ń wò, kí wọ́n máa bo ara wọn mọ́lẹ̀, kí ojú kámẹ́rà kékeré da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ bí ẹyọ kan. Ó sàn díẹ̀ pé NEPA ò ní àkókò, ṣùgbọ́n àwọn ìràwọ̀ tó ń bo ara wọn ní tiwọn. Nítorí náà, pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀ ní déédéé ò tíì tó láti búra lé lórí. Nínú ọ̀pọ̀ ìràwọ̀ tí wọ́n fura sí, ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń já sí plánẹ́ẹ̀tì.

Wọ́n gbé ẹjọ́ náà lọ sí La Silla, lórí òkè kan ní ilẹ̀ Ṣílè. Awò-awọ̀nàjíjìn kan wà níbẹ̀ tí Yunifásítì Liège ti ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù gbé kalẹ̀ lọ́dún 2010. Dígí rẹ̀ kò ju 60 sẹ̀ǹtímítà lọ, bí ojú agbada aláàkàrà kan ṣe fẹ̀ tó. TRAPPIST ni orúkọ rẹ̀. Ó bá orúkọ ọtí àwọn mọ́ńkì ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù mu, mi ò sì rò pé ó ṣèèṣì. Ìyẹn wo ìràwọ̀ náà ní àwòfín nígbà tó yẹ kí òjìji kọjá, òjìji sì kọjá. Bí ìmọ́lẹ̀ ṣe dín sí ló sọ bí nǹkan tó bò ó ṣe fẹ̀ tó: ó fẹ̀ tó bí ìdá kan nínú mẹ́jọ ìràwọ̀ náà. Ìràwọ̀ yẹn fúnra rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí oòrùn wa.

Fífẹ̀ nìyẹn. Báwo wá ni èèyàn ṣe ń wọn ìwúwo òjìji? Etí ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n, tí mo bá lè sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Dánfó tó ń tẹ fèrè bọ̀ láti Stadium, ohùn fèrè rẹ̀ a máa ga bó ṣe ń súnmọ́ wa. Tó bá ti ré wa kọjá sí ọ̀nà Mùṣín, ohùn yẹn á sọ̀ kalẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ náà ní irú ìwà yẹn. Plánẹ́ẹ̀tì máa ń fa ìràwọ̀ rẹ̀ síbí fà á sọ́hùn-ún, bí ọmọ tó ń jà lẹ́yìn ṣe ń mi ìyá rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìràwọ̀ á sún sọ́dọ̀ wa, á tún fà sẹ́yìn. Ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní CORALIE, lára awò-awọ̀nàjíjìn Euler ti àwọn ará Switzerland ní La Silla kan náà, ló ń tú ìmọ́lẹ̀ palẹ̀ bí òṣùmàrè láti mọ bí ohùn rẹ̀ ṣe ń ga tó ń sọ̀. Ọmọ tó bá wúwo ló ń mi ìyá jù. Lọ́dún 2012, Michaël Gillon àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fọwọ́ sọ̀yà. Gillon yìí náà ló ṣíwájú àwọn tó kéde plánẹ́ẹ̀tì méje tó yí ìràwọ̀ TRAPPIST-1 ká ní 2017, ṣùgbọ́n ti Tógò ni mo gbé kárí.

Èsì rẹ̀ nìyí: nǹkan náà fi ìdá mẹ́rin kan lé díẹ̀ fẹ̀ ju Júpítà lọ, ó sì fi irú ìdá bẹ́ẹ̀ náà wúwo jù ú lọ. Bí irínwó Ayé tiwa la máa kó pọ̀ kó tó wúwo tó o. Ẹni tó bá mọ ìṣirò á ti rí i pé ọ̀rọ̀ yẹn ò dọ́gba. Ohun tó bá fi ìdá mẹ́rin kan lé díẹ̀ fẹ̀ sí i lọ́tùn-ún lósì, lókè nílẹ̀, níwájú lẹ́yìn, inú rẹ̀ ti tó ìlọ́po méjì. Ẹrù inú rẹ̀ kò wá tó ìlọ́po méjì. Ó wú ni. Puff-puff tó bọ́ sínú òróró gbígbóná ni. Ooru tó ń jẹ ẹ́ lé ní 1,000 lórí òṣùwọ̀n Celsius, gáàsì sì ni gbogbo rẹ̀. Kò síbi tí èèyàn á fẹsẹ̀ lé. Òkè tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní òkúta. Òun ò ní.

A kọjá Ṣẹ̀mẹ̀, a wọ Kútọnu lọ́sàn-án, àwọn ọlọ́kadà wọn nínú ẹ̀wù yẹ́lò kún títì bí ẹyẹ ẹ̀gà. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ wa ti bàjẹ́. Ẹ̀ńjìnnì gbóná, wọ́n tú u, wọ́n ra nǹkan, wọ́n tún tú u. Ohun tí ì bá jẹ́ ìrìn ọ̀sán di ti ìrọ̀lẹ́. Mi ò bínú tó bó ṣe yẹ kí n bínú, torí nígbà tí a dé Grand-Popo, tí òkun wà lápá òsì wa, oòrùn ti ń wọ̀ níwájú. Ọyẹ́ ṣì wà lójú sánmà. Oòrùn pupa bí epo, èèyàn lè tẹjú mọ́ ọn láìṣẹ́jú. Oòrùn kan náà ni tọ̀sán, afẹ́fẹ́ tó gbà kọjá ló pa á láró, eruku inú rẹ̀ ló kó èyí tó wù ú, ó jẹ́ kí pupa kọjá.

Ohun tó ń lọ lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ àwọn tó ń wo plánẹ́ẹ̀tì báyìí nìyẹn. Nígbà tí plánẹ́ẹ̀tì bá wà níwájú ìràwọ̀, ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ máa ń gba etí rẹ̀ kọjá, láàárín afẹ́fẹ́ rẹ̀, kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Afẹ́fẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ní àwọ̀ tó máa ń jẹ nínú ìmọ́lẹ̀. Awò-awọ̀nàjíjìn James Webb, tí wọ́n yìn sókè ní ọjọ́ Kérésìmesì 2021, wo plánẹ́ẹ̀tì WASP-39 b ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ó sì bá carbon dioxide níbẹ̀, irú èyí tí à ń mí síta. Ìtòsí wa níhìn-ín náà ní tirẹ̀: ìràwọ̀ WASP-69 ń jẹ́ Wouri báyìí, plánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ń jẹ́ Makombé, orúkọ odò méjì ní Kamẹrúùnù. Lọ́dún 2018 ni wọ́n rí i pé gáàsì helium ń sá kúrò lára Makombé, ó ń wọ́ lẹ́yìn rẹ̀ bí ìrù. Gbogbo èyí láti ara ìmọ́lẹ̀ tó há sí etí òjìji.

Ní Hillacondji, níbi tí Bẹ̀nẹ̀ ti parí tí Tógò bẹ̀rẹ̀, mo dá aago mi padà ní wákàtí kan. Àkókò Tógò bá èyí tí àwọn awòràwọ̀ gbogbo àgbáyé ń lò mu, kò sídìí láti rò tàbí yọ. Mo ti kọ wákàtí tí òjìji máa bẹ̀rẹ̀ sínú ìwé kan, aago mẹ́jọ àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá alẹ́ ọjọ́ kejì, láti ọwọ́ ọmọ Akọkà yẹn. Ó ti parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n ó ṣì ń ṣírò fún mi lórí fóònù.

Ní Lómè, ọ̀dọ̀ màmá kan tó jẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n fi mí wọ̀ sí. Lómè ni wọ́n bí i, ibẹ̀ ló ti ń ta aṣọ, Yorùbá rẹ̀ sì jinlẹ̀ ju tèmi lọ. Ìgbà tó bá ń ka owó nìkan ló máa ń bọ́ sínú Faransé. Ó bu àmàlà fún mi, ó jókòó tì mí.

"Kí lo wá ṣe o?"

"Ìràwọ̀ ni mo wá wò, Màmá."

"Ìwọ kúrò l'Ékòó, o wá wo ìràwọ̀ ní Tógò? Ìràwọ̀ ò sí l'Ékòó ni?"

"Ó wà, mà. Iná ni ò jẹ́ ká rí i."

"Iná? Iná wo l'Ékòó?"

A rẹ́rìn-ín títí ọbẹ̀ fi tutù. Mo wá ṣàlàyé. Mo ní lọ́dún 2019, nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn awòràwọ̀ àgbáyé pé ọgọ́rùn-ún ọdún, wọ́n fún orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní ìràwọ̀ kan àti plánẹ́ẹ̀tì kan láti sọ lórúkọ. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún orílẹ̀-èdè tó dáhùn. Tógò ni wọ́n fún ní WASP-64. Wọ́n sọ ìràwọ̀ ní Atakoraka, nítorí àwọn òkè Atakora tó tò lọ gbọọrọ nínú ilẹ̀ wọn, wọ́n sì sọ plánẹ́ẹ̀tì ní Agouto, nítorí òkè Agou, tó ga jù ní gbogbo Tógò.

"Nàìjíríà ńkọ́? Kí lẹ̀yin sọ tiyín?"

"Amadioha ni ìràwọ̀, mà. Equiano ni plánẹ́ẹ̀tì."

"Amadioha. Ìyẹn ni Ṣàngó àwọn Ìgbò?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Equiano ni èyí tí wọ́n kó lẹ́rú ní kékeré, tó wá kọ ìwé nípa rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1789."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ó ní. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ì bá wù ú kí wọ́n bi Ọ̀yọ́ léèrè kí wọ́n tó pinnu.

Ohun tí mi ò sọ fún un, torí oorun ti ń kùn ún, ni pé ti Nàìjíríà ò tíì pa àtùpà kankan. HD 43197 ni orúkọ ìwé ìràwọ̀ náà. Fèrè ọkọ̀ nìkan ni wọ́n fi mọ Equiano. Ó ń lo bí ọjọ́ 328 láti yí Amadioha ká, ọ̀nà rẹ̀ sì gùn tẹẹrẹ bí ẹyin tí wọ́n fà. Kò sẹ́ni tó rí òjìji rẹ̀, nítorí náà kò sẹ́ni tó mọ bó ṣe fẹ̀ tó. Ìwúwo rẹ̀ tí wọ́n sọ pàápàá, ìwọ̀n tó kéré jù ni. Ó ń dùn mí díẹ̀. Aládùúgbò wa ti mọ fífẹ̀ tirẹ̀, ó mọ ìwúwo, ó mọ bó ṣe wú. Àwa mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀.

Aládùúgbò lójú lásán náà sì ni. Inú àgbájọ ìràwọ̀ tí àwọn Òyìnbó ń pè ní Ajá Ńlá ni ti wa àti ti wọn wà, kò jìn síra lójú. Ṣùgbọ́n Amadioha ò ju bí igba ọdún ìmọ́lẹ̀ lọ, Atakoraka ti lé ní ẹgbẹ̀rún. Bí gílóòbù méjì tó fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn láti ojú fèrèsé mi, tó jẹ́ pé ọ̀kan wà lábẹ́ bíríìjì, èkejì wà ní Tẹ́júoṣó.

Ọ̀rọ̀ Ajá Ńlá yìí nìkan ni mo sọ síta, òun ló sì ta màmá jí. "Ajá òṣùpá kọ́ lò ń sọ?" Ó ní Àgùàlà ń bá òṣùpá rìn, wọ́n ṣebí ajá rẹ̀ ni. Mo ní rárá, ṣùgbọ́n mo ní ìtàn Àgùàlà kan. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹfà 2004, ọjọ́ Tuesday, Àgùàlà gba iwájú oòrùn kọjá, láti ìgbà tí oòrùn Èkó ti yọ títí di ọjọ́kanrí. Irú rẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ láti 1882. Ó ṣẹlẹ̀ lórí Ojú Ẹlẹ́gbà. Ẹni tó bá mú gíláàsì àwọn wẹ́dà sójú, tí kùrukùru ò bá dí i lọ́nà, ì bá rí i bí àmì dúdú róbótó. Mo wà níṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Mò ń sọ fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n gbé àgbọ̀n sókè, kí wọ́n má ṣẹ́jú. Ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìmọ́lẹ̀ oòrùn kúrò lórí wa, a ò mọ̀. Èyí tó máa tẹ̀ lé ti 2012, tí àwa níhìn-ín ò rí, di 2117.

"Ọmọ-ọmọ-ọmọ mi," ni màmá wí, ó sì lọ sùn.

Láti Lómè sí Kpalimé jẹ́ bí 120 kìlómítà, ojú ọ̀nà rẹ̀ sì tẹ́jú. Òkè Agou ti hàn kí a tó débẹ̀, ó dá dúró lápá ọ̀tún, búlúù nínú ọyẹ́. Mítà 986 ni gíga rẹ̀. Ẹni tó ti rí Ìdànrè ò ní pariwo, ṣùgbọ́n Ìdànrè ò ní plánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí àwọn Jámánì ń ṣàkóso, Baumann ni wọ́n ń pè é. Orúkọ yẹn ti lọ, Agou padà síbi tó wà.

Àgbẹ̀ kan ló mú mi gòkè. Ó ti ṣiṣẹ́ bíríkìlà ní Èkó rí, ó sì ní Yorùbá táwọn bíríkìlà ń sọ, èyí tí kò ní ọ̀wọ̀ púpọ̀ ṣùgbọ́n tó ń dé ibi tó ń lọ. A fi ọ̀kadà gun apá kan, a fi ẹsẹ̀ rin èyí tó kù, láàárín kòkó àti kọfí àti ọ̀gẹ̀dẹ̀. Nítòsí orí òkè, níbi tí iná pupa òpó ìbánisọ̀rọ̀ ò ti fi bẹ́ẹ̀ dà wá láàmú, a jókòó sórí àpáta. Ilẹ̀ ṣú. Mo sọ fún un pé nǹkan kan wà lókè tó ń jẹ́ Agou. Ó wo ojú mi, ó fi gìgísẹ̀ lu àpáta lẹ́ẹ̀mejì.

"Ọ̀gá, Agou nìyí."

Òṣùpá ò tíì yọ. Ọyẹ́ pa àwọn ìràwọ̀ kéékèèké, ṣùgbọ́n Sirius ń tàn gedegbe lókè. A. B. Ellis, tó tẹ ìwé kan jáde nípa àwọn Yorùbá ní 1894, kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìràwọ̀ ọkọ̀ ni àwọn baba wa ń pè é, nítorí òun ló ń ṣamọ̀nà àwọn awakọ̀ ojú omi. Mo na apá mi tán síwájú, mo di ẹ̀ṣẹ́, mo wọn ẹ̀ṣẹ́ kan àti ààbọ̀ láti ìràwọ̀ ọkọ̀ wá sísàlẹ̀, tààrà sí gúúsù. Ibẹ̀ ni Atakoraka wà. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó yẹ kí ó tàn tó bí ọ̀ọ́dúnrún ìlọ́po bó ṣe ń tàn yìí kí ojú lásán tó lè fura sí i, àní lóru tí kò sí ọyẹ́ rárá.

Aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo ní, "Ó ti bẹ̀rẹ̀."

Ọkùnrin náà wo ibi tí mò ń nàka sí. Kò bi mí ní nǹkan kan. Ó tú ẹ̀pà jáde nínú ọ̀rá, ó pín in sí méjì. Ìmọ́lẹ̀ tó dé bá wa lórí àpáta yẹn ti gbéra kí ẹnikẹ́ni tó pe ibì kankan ní Èkó, ìdá kan àti ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ sì há sọ́nà. Ibi tó ṣófo ni mò ń wò, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ ojú mi ò kúrò. Mo ti ṣe irú iṣẹ́ yìí lójú fèrèsé, ṣùgbọ́n nílé, gílóòbù máa ń wà. Níhìn-ín, mo ní láti gba gílóòbù gbọ́ kí n tó lè gba dánfó gbọ́. Nísàlẹ̀, iná Kpalimé ń tàn wínníwínní, ajá kan ń gbó, ẹnì kan ń gún nǹkan nínú odó. Atẹ́gùn fẹ́. Ẹ̀pà tán.

Nígbà tó di aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú márùndínlógójì, mo dìde, eékún mi ti kú.

"Ó ti kọjá?" ó bi mí.

"Ó ti kọjá."

"Èmi ò rí nǹkan kan o."

"Èmi náà ò rí i."

Ó tan tọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó gbọn koríko kúrò lára ṣòkòtò. "Ìgbà wo ló tún ń bọ̀?"

Mo ṣírò rẹ̀. "Ọ̀túnla. Bí aago mẹ́wàá òwúrọ̀."

Ó ka ọjọ́ lórí ìka. "Mo máa wà lóko," ó ní, ó sì ṣáájú mi sọ̀ kalẹ̀.